Èdè Ọkàn Lórí Ẹ̀rọ: Ìtọ́jú Ìrẹ̀wẹ̀sì Àwọn tí Ó Ní Wárápá ní Agbègbè Olódò

Ìfáàrà

Ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn lè nawọ́ sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí oníṣègùn sì mọ ibi tí yóò wò. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì kò ní ohun tí yóò nawọ́ sí, àfi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ nìkan. Bí kò bá rí ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ ọ́, tàbí bí ẹni tí ń gbọ́ ọ kò bá mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún, àìsàn náà yóò wà níbẹ̀ láìní orúkọ, yóò sì máa jẹ olúwarẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Àpilẹ̀kọ yìí gbé ọ̀rọ̀ náà ka orí àwọn tí ó ní wárápá tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn sì tún bá. Láti ọdún 2010 ni àwọn onímọ̀ ní Amẹ́ríkà àti Jámánì ti ń gbé àbájáde ìwádìí jáde lórí bí a ṣe lè fi tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ṣe ìtọ́jú ọkàn fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ nínú ilé wọn. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé ẹ̀rọ nìkan kò lè gbé ìtọ́jú yìí dé abúlé Yorùbá. Èdè ni yóò gbé e dé ibẹ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ náà kì í ṣe ti oníṣègùn nìkan. Ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n.

Olódò ni a fi ṣe ojú-ìwòye. Ìlú yìí wà ní ojú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ìwó, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀gbẹ́dá, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ìbàdàn ti ń fẹ̀ bọ̀ wá bá a, síbẹ̀ oko àti abúlé ṣì wà ní àyíká rẹ̀. Kò jìnnà púpọ̀ sí Ilé Ìwòsàn Yunifásítì tí gbogbo ayé mọ̀ sí UCH, èyí tí ó ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957. Ìdí nìyí tí ó fi yẹ fún àyẹ̀wò yìí. Bí ó bá jẹ́ jíjìnnà ọ̀nà nìkan ni ìṣòro, kò yẹ kí ìṣòro kankan wà ní Olódò. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí mọ́tò kì í gbà, èyí ni ọ̀nà tí ó wà láàrin ohun tí ń ṣe aláìsàn àti ohun tí ó lè fẹnu sọ.

Wárápá àti orúkọ tí à ń pè é

Àìsàn ọpọlọ ni wárápá, tí àwọn mìíràn ń pè ní ipá. Iná mànàmáná kéékèèké ni ọpọlọ fi ń ṣiṣẹ́. Bí iná yìí bá ru gùdù lójijì, ara lè máa gbọ̀n, ojú lè yí, olúwarẹ̀ sì lè ṣubú láìmọ ara rẹ̀ mọ́. Lára ohun tí ń fà á ni ìpalára nígbà ìbí, àrùn tí ó wọ ọpọlọ, ìfarapa ní orí, àti àjogúnbá. Ti ẹlòmíràn sì wà tí a kò rí ìdí rẹ̀. Wárápá kì í ràn. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò pé nǹkan bí mílíọ̀nù 50 ènìyàn ni ó ní i ní gbogbo ayé, àti pé bí a bá yẹ̀ wọ́n wò dáadáa tí a sì fún wọn ní oògùn tí ó yẹ, nǹkan bí 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni ó lè máa gbé ayé wọn láìsí pé ó ń gbé wọn mọ́.

Ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n B. O. Òṣuntókun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Ìbàdàn ṣe ìwádìí ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà. Àbájáde tí wọ́n gbé jáde ní 1987 ni pé ènìyàn 5.3 nínú 1,000 ni ó ní wárápá níbẹ̀. Bí a bá fi èyí ṣe òṣùwọ̀n, ìlú tí ó ní 20,000 ènìyàn yóò ní nǹkan bí 106 irú wọn. Iye yìí tó láti kún ìyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ méjì, síbẹ̀ ó ṣeé ṣe kí ará ìlú má mọ̀ ju ẹnì kan tàbí méjì lọ, nítorí pé àwọn ẹbí ń fi í pamọ́.

Ìfipamọ́ yìí kò ṣẹ̀yìn èdè. Yorùbá ní àṣà àdàpè fún àìsàn tí ó bá ń bà wọ́n lẹ́rù. Ilẹ̀ẹ́gbóná ni wọ́n ń pe ṣànpọ̀nná, kí wọ́n má baà pe orúkọ rẹ̀ gan-an. Àdàpè lè jẹ́ ọ̀wọ̀, ó sì lè jẹ́ àánú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà náà ni wọ́n sọ pé àdàpè olè ni "ọmọ ń fẹ́wọ́". Bí ẹbí bá ń sọ pé ó rẹ ọmọ náà ni, tàbí pé ó ní òtútù díẹ̀, olùkọ́ kò ní mọ̀, nọ́ọ̀sì kò ní mọ̀, ọmọ náà yóò sì kọ́ láti kékeré pé ohun tí ó wà lára òun kì í ṣe ohun tí a ń sọ jáde.

Ìdàrúdàpọ̀ orúkọ náà tún wà. Gìrì tí ibà líle ń fà fún ọmọdé kì í ṣe wárápá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ń gbọ̀n nínú méjèèjì. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn oníṣègùn Ìbàdàn ti kọ̀wé lórí ewu àgbo ìtọ̀ màálù tí a ń fún ọmọ tí gìrì bá mú: ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń pa ọmọ. Bákan náà ni ìgbàgbọ́ pé itọ́ tí ń hó lẹ́nu ẹni tí wárápá gbé lè kó àìsàn náà ran ẹni tí ó bá fọwọ́ kàn án. Nítorí ìgbàgbọ́ yìí ni àwọn ènìyàn fi ń sá nígbà tí ó yẹ kí wọ́n sáré wá. Ẹni tí ó ṣubú sínú iná tí kò rí ẹni fà á jáde yóò ru àpá méjì: ọ̀kan lára awọ, èkejì nínú ọkàn.

Ẹ̀yà wárápá kan wà tí kì í gbé ènìyàn ṣubú. Ọmọ náà yóò kàn dákẹ́ fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá, yóò tẹjú mọ́ òfo, lẹ́yìn náà ni yóò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí èyí bá ń ṣẹlẹ̀ léraléra nínú kíláàsì, ọmọ náà kò ní gbọ́ ìdajì ohun tí a kọ́ ọ. Olùkọ́ tí kò mọ̀ yóò pè é ní olódo. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ èdè mọ̀ pé ohùn tí ó wà lórí fáwẹ́ẹ̀lì ìkẹyìn nìkan ni ó ya ọmọ Olódò sọ́tọ̀ kúrò lára olódo. Bí ohùn kan ṣoṣo bá lè sọ ọmọ ìlú di ẹni ẹ̀gàn, ó yẹ kí olùkọ́ ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ẹyin lọ̀rọ̀.

Ìrẹ̀wẹ̀sì tí ó ń tẹ̀ lé wárápá

Ìwádìí kan tí ó kó àbájáde ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ, tí ó jáde ní 2013, fi hàn pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin àwọn tí ó ní wárápá ni ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń bá fínra. Ohun mẹ́ta ni ó ń fà á. Àkọ́kọ́ ni ọpọlọ fúnra rẹ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú àwọn ibi tí wárápá ti ń bẹ̀rẹ̀ náà ni ó ń ṣàkóso bí inú ènìyàn ṣe ń dùn tàbí bàjẹ́. Èkejì ni oògùn. Phenobarbital, tí owó rẹ̀ kò ga, wúlò púpọ̀ fún dídá wárápá dúró, ṣùgbọ́n ó lè mú kí ọkàn ẹlòmíràn wúwo. Ní 2008, àjọ tí ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé kí a máa ṣọ́ àwọn tí ń lo oògùn wárápá, bí èrò àti pa ara ẹni bá ń wá sí wọn lọ́kàn. Ìkìlọ̀ yìí kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni dá oògùn rẹ̀ dúró. Ẹni tí ó bá dá a dúró lójijì lè kú. Ohun tí ó sọ ni pé kí a máa béèrè.

Ẹ̀kẹta ni àwùjọ. Ọmọ tí a yọ kúrò nílé ìwé, ọ̀dọ́kùnrin tí ẹbí ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kọ̀, obìnrin tí àwọn oníbàárà kò ra nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́: kò yẹ kí ó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu bí ọkàn wọn bá rẹ̀wẹ̀sì. Ìrẹ̀wẹ̀sì yìí sì tún ń padà ru wárápá sókè. Ẹni tí kò rí oorun sùn, tí kò rántí oògùn rẹ̀, tí kò tilẹ̀ rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun lò ó, wárápá yóò máa gbé e léraléra. Báyìí ni àìsàn méjèèjì ṣe ń ti ara wọn lẹ́yìn.

Ohun tí Yorùbá ń sọ bí ọkàn bá wúwo

Láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ èdè ti wọ inú ìmọ̀ ìtọ́jú ọkàn nílẹ̀ Yorùbá. Dókítà Adéoyè Lámbò, tí ó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé Àrò ní Abẹ́òkúta ní 1954, níbi tí aláìsàn ti ń gbé láàrin ará abúlé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀, bá àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà ṣe ìwádìí ní agbègbè náà. Ìwé tí wọ́n kọ lórí àìsàn ọkàn láàrin àwọn Yorùbá jáde ní 1963. Lára ohun tí wọ́n kíyè sí ni pé àwọn ènìyàn mọ àìróorunsùn, àìlèjẹun, àárẹ̀, ẹkún àti ìbànújẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n kò sí orúkọ kan tí ó di gbogbo wọn pọ̀ bí ẹrù kan, tí a lè pè ní àìsàn.

Ní 1987, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mákanjúọlá kọ̀wé lórí ọdẹ orí, àìsàn tí àwọn aláìsàn Yorùbá fi ń ṣàlàyé pé nǹkan ń rìn nínú orí àwọn, orí ń gbóná, àyà ń já. Bí a bá yẹ ọ̀pọ̀ irú wọn wò, ìrẹ̀wẹ̀sì tàbí àníyàn ni ó wà nísàlẹ̀. Aláìsàn kò parọ́. Èdè tí ó ní ni ó sọ. Oníṣègùn tí ń retí kí ó sọ pé inú òun bàjẹ́ kò ní gbọ́ ohun tí ó ń sọ.

Èdè Yorùbá kò tòṣì ní ti ọ̀ràn yìí rárá. Ìbànújẹ́ fi yé wa pé inú ni ó bàjẹ́. Ìsoríkọ́ fi orí tí ó so kọ́ hàn wá. "Ó sú mi", "ó tojú sú mi", "ọkàn mi kò lélẹ̀", "ara mi kò gbé e", "ẹnu mi kò mọ adùn mọ́": ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí ibì kan pàtó. Ìṣòro tí ó wà ni pé wọ́n fọ́n káàkiri nínú ẹnu àwọn ènìyàn, a kò sì tíì to wọ́n jọ bí irinṣẹ́ ìtọ́jú.

Bí ìtọ́jú orí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́

Ìtọ́jú afọ̀rọ̀ṣe ni a lè pe ìtọ́jú ọkàn tí a ń sọ yìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ni oògùn inú rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn. Èrò tí ó wà lọ́kàn ẹni ń darí bí nǹkan ṣe ń rí lára ẹni, èyí sì ń darí ohun tí a ń ṣe. Ká sọ pé wárápá gbé obìnrin kan níbi tí ó ti ń yan gàrí. Láti ọjọ́ náà, ó ń rò pé gbogbo ayé ni ó ń sá fún òun. Nítorí èrò yìí, kò lọ sí ọjà mọ́, kò lọ sí òde ẹbí mọ́. Bí àwọn ènìyàn kò ṣe rí i mọ́, wọn kò yà sọ́dọ̀ rẹ̀, òun náà sì gbà pé èrò òun tọ̀nà. Ìtọ́jú yóò ràn án lọ́wọ́ láti gbé èrò náà yẹ̀ wò: ta ni ó sá, ta ni kò sá? Ta ni ó wá kí i? Lẹ́yìn náà, yóò fi àwọn ìgbésẹ̀ kéékèèké lélẹ̀ fún un: kí ó kí aládùúgbò kan lónìí, kí ó bá ọ̀rẹ́ kan dé ọjà ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí ó máa jókòó jìnnà sí iná nígbà tí ẹlòmíràn bá ń yan gàrí, kí òun sì máa bá wọn jọ ọ́.

Ní Yunifásítì Emory, ní Atlanta, Nancy Thompson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé irú ìtọ́jú yìí kalẹ̀ lábẹ́ orúkọ Project UPLIFT. Ìjókòó mẹ́jọ ni, ọ̀kan ní ọ̀sẹ̀ kan, láàrin àwùjọ kékeré tí gbogbo wọn ní wárápá. Àwọn kan ń ṣe é lórí tẹlifóònù, àwọn mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, olúkúlùkù nínú ilé rẹ̀. Àbájáde tí ó jáde ní 2010 fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì àwọn tí ó kópa dínkù ju ti àwọn tí ń dúró de àyè tiwọn lọ. Ní Jámánì, ètò kan tí ó ń jẹ́ Emyna ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ lójú kọ̀ǹpútà: yóò ṣàlàyé, yóò bi í ní ìbéèrè, ìdáhùn aláìsàn ni yóò sì darí ohun tí ètò náà yóò sọ tẹ̀ lé e. Àwọn 200 tí ó ní wárápá àti ìrẹ̀wẹ̀sì ni a fi ṣe ìdánwò rẹ̀, a pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn tí ó lò ó rí ìrọ̀rùn ju àwọn tí kò tíì lò ó lọ. 2019 ni a gbé àbájáde náà jáde. Kò sí èyí tí ó rọ́pò oògùn wárápá nínú méjèèjì. Ìrànwọ́ ni wọ́n jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oògùn.

Ó yẹ kí a kíyè sí ohun méjì. Ìkínní, tẹlifóònù lásán wà lára ohun tí a fi ṣe UPLIFT, kò pọn dandan kí ènìyàn ní kọ̀ǹpútà. Ìkejì, aláìsàn ń gbọ́ ohùn ẹlòmíràn tí wárápá ń gbé bíi tirẹ̀. Fún ẹni tí ẹbí ti kọ́ láti dákẹ́, èyí nìkan tó ìtọ́jú.

Láti Atlanta dé Olódò

Fóònù alágbèéká ti wà káàkiri Nàìjíríà láti ìgbà tí GSM wọlé ní 2001. Pé a lè fi í ṣe iṣẹ́ ìlera ọkàn láàrin wa ti hàn gbangba. Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyè Gúrèjé ti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìlera alábọ́ọ́dé ní bí wọ́n ṣe lè fi ọ̀rọ̀ tọ́jú ìrẹ̀wẹ̀sì, wọ́n sì ń fi fóònù ràn wọ́n lọ́wọ́ láti ọ̀nà jíjìn. Àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n pè ní STEPCARE jáde ní 2019. Kì í ṣe àwọn tí ó ní wárápá ni wọ́n ṣe é fún, ṣùgbọ́n ó fi hàn pé kò pọn dandan kí gbogbo aláìsàn dé iwájú oníṣègùn ọkàn kí ó tó rí ìtọ́jú. Òfin náà ti yí padà: Òfin Ìlera Ọpọlọ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 ni ó rọ́pò òfin ayé òyìnbó amúnisìn lórí àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé.

Nígbà náà, kí ni ó kù? Èdè ni. Ẹ jẹ́ kí a wo apá mẹ́rin tí ìtúmọ̀ olówuuru yóò ti kùnà.

Àkọ́kọ́ ni arọ́pò-orúkọ. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni òyìnbó ń lò fún ọmọdé àti àgbà. Bí ẹ̀rọ bá ń pe ìyá ẹni ọgọ́ta ọdún ní "ìwọ", tí ó ń bi í pé "Ṣé o sùn dáadáa?", ìyá náà yóò gbé fóònù sílẹ̀ kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀. "Ẹ" ni ó yẹ fún àgbàlagbà, "o" sì lè mú ara tu ọ̀dọ́. Ètò tí kò bá kọ́kọ́ mọ ọjọ́ orí ẹni tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kò tíì mọ Yorùbá.

Èkejì ni ìbéèrè nípa ẹ̀bi. Nínú ìbéèrè mẹ́fà tí àwọn oníṣègùn ń lò láti 2006 láti fi wá ìrẹ̀wẹ̀sì lára àwọn tí ó ní wárápá, ọ̀kan dá lórí bí ènìyàn ṣe ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi. Bí a bá tú u sí "Ṣé ẹ jẹ̀bi?", ilé ẹjọ́ ni yóò sọ sí aláìsàn lọ́kàn. Ohun tí yóò yé e ni: "Ǹjẹ́ ó máa ń ṣe yín bíi pé ẹ̀yin ni ẹ kó wàhálà bá gbogbo ilé?" Gbólóhùn kejì yìí gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ni yóò mú omijé jáde.

Ẹ̀kẹta ni òwe. Òwe lè ṣí ọ̀nà, ó sì lè dí i. Aláìsàn tí ó sọ pé "Orí mi ni kò gbà" ti fi gbogbo ọ̀rọ̀ lé orí lọ́wọ́, kò sì rí ohun tí ó kù fún òun láti ṣe. Èdè rẹ̀ náà ni a ó ti mú èsì: ọwọ́ ara ẹni ni a fi ń tún ìwà ara ẹni ṣe. Òwe yìí kò sẹ́ orí. Ó dá ọwọ́ padà fún un. Ṣùgbọ́n bí a bá kàn ń sọ fún un pé kí ó ṣe ọkàn akin, pé ohun tí ó ń ṣe é ń ṣe ẹlòmíràn, ẹnu rẹ̀ ni a ń pa dé.

Ẹ̀kẹrin ni ó wúwo jù. Yorùbá kì í fẹ́ dárúkọ ikú lórí ara wọn, nítorí náà òwe ni wọ́n sábà máa ń fi gbé e. Bí ẹni tí wárápá gbé ṣubú ní gbangba bá sọ pé "Ikú yá ju ẹ̀sín lọ", ará ilé lè rò pé ó kàn ń pòwe ni. Ẹni tí ó bá ń ṣètò ìtọ́jú orí ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé ó lè jẹ́ pé ohun tí ó wà lọ́kàn rẹ̀ gan-an ni ó ń sọ. Bí a bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí, kí a fi pẹ̀lẹ́ béèrè ní tààrà bóyá ó ń ro láti pa ara rẹ̀. Ìbéèrè náà kì í gbin èrò yìí sí ènìyàn lọ́kàn. Ìtura ni ó ń jẹ́ fún un pé ẹnì kan béèrè. Lẹ́yìn èyí, a kò gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rọ nìkan tọ́jú rẹ̀: kí ẹnì kan dúró tì í, kí a sì mú un dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà.

Yàtọ̀ sí ìtúmọ̀, ọ̀rọ̀ àṣírí wà níbẹ̀. Ìdílé kan lè ní fóònù kan ṣoṣo. Bí iṣẹ́ bá wọlé tí ó ní orúkọ wárápá lójú rẹ̀, ohun tí ènìyàn fi pamọ́ fún ogún ọdún yóò di mímọ̀ fún ẹni tí kò yẹ kó mọ̀. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní Yorùbá ni yóò ṣe ẹni tí kò mọ̀wé kà láǹfààní, ṣùgbọ́n kí a jẹ́ kí aláìsàn fúnra rẹ̀ yan wákàtí àti orúkọ tí a ó fi pè é. Níhìn-ín ni àdàpè tún ti wúlò: lọ́wọ́ aláìsàn, ààbò ni, lọ́wọ́ àwọn tí ojú ń tì, àtìmọ́lé ni.

Iṣẹ́ olùkọ́ èdè Yorùbá

Àwọn onímọ̀ èdè ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí. Nígbà tí a fẹ́ máa fi Yorùbá kọ́ Yorùbá, wọn kò dúró de òyìnbó. Wọ́n jókòó, wọ́n sì ṣẹ̀dá èdè-ìperí, èyí tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú ìwé kìíní rẹ̀ tí Ọládélé Awóbùlúyì sì ṣe olóòtú ìkejì. Lónìí, fónrán, mọ́fíìmù àti àpólà kò ṣàjèjì sí akẹ́kọ̀ọ́ kankan. Èdè-ìperí fún ìlera ọkàn ṣeé ṣe bákan náà, pẹ̀lú ìyàtọ̀ kan: kì í ṣe inú ìyàrá onímọ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀, ẹnu àwọn ènìyàn ni.

Akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ tí ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lè lọ sí Olódò, Lálúpọ̀n tàbí Mọ́níyà, kí ó gba ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń lò fún ọkàn tí ó wúwo sílẹ̀, kí ó to wọ́n sí ìsọ̀rí: ti inú, ti orí, ti àyà, ti ara. Kí ó kíyè sí èyí tí àgbà ń sọ tí ọ̀dọ́ kì í sọ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ̀ka Yorùbá àti àwọn oníṣègùn jọ túmọ̀ àwọn ìbéèrè. Kí ẹlòmíràn tí kò rí ti òyìnbó tú ti Yorùbá padà sí ti òyìnbó, kí a lè rí ibi tí ìtumọ̀ ti yẹ̀. Kí a sì kà á sí etí àwọn tí ó ní wárápá fúnra wọn kí ó tó di lílò.

Nínú kíláàsì, kí olùkọ́ máa sọ pé "ọmọ tí ó ní wárápá" dípò "oníwárápá". Gbólóhùn àkọ́kọ́ fi ọmọ náà ṣíwájú. Ọ̀rọ̀ kejì sọ gbogbo ara rẹ̀ di àìsàn. Kí a fi ọ̀rọ̀ náà ṣe àròkọ alálàyé àti àròkọ onísọ̀rọ̀gbèsì, kí àwọn ọmọ lè jiyàn lórí pé ṣé itọ́ ń kó o ran ni. Kí gbogbo olùkọ́ sì mọ ohun tí a ń ṣe bí ó bá gbé ọmọ lójú wọn: kí a kó ohun tí ó lè ṣe é léṣe kúrò nítòsí, kí a fi aṣọ rírọ̀ tì í lórí, kí a yí i fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, kí a má ki ṣíbí tàbí ìka bọ̀ ọ́ lẹ́nu, kí a má fún un ní ohunkóhun mu, kí a má dì í mọ́lẹ̀. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kí a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Nígbà tí ó bá jí, kí a má jẹ́ kí ẹ̀rín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbọ́.

Ìkádìí

Àyẹ̀wò yìí ti fi hàn pé ìrẹ̀wẹ̀sì wọ́pọ̀ láàrin àwọn tí ó ní wárápá, pé ìtọ́jú afọ̀rọ̀ṣe lórí tẹlifóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì ti ran irú wọn lọ́wọ́ níbòmíràn, àti pé nílẹ̀ Yorùbá, èdè ni yóò sọ bóyá yóò ran tiwa lọ́wọ́. Ẹ̀rọ lè ti òkèèrè wá, oògùn lè ti òkèèrè wá. Ọ̀rọ̀ tí ènìyàn fi ń sọ pé ó ti sú òun kì í ti òkèèrè wá. Àwọn tí a fi èdè náà ṣọ́ lọ́wọ́ ni ó yẹ kí ó gbọ́ ọ, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó ti tọ́, kí wọ́n sì gbé e lé àwọn tí yóò fi ṣe ìtọ́jú lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò.